Ọmọdé kì í ṣàdédé gbàgbé omíyalé

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín in kiri pé “ẹ má sọ̀rọ̀ omíyalé létí ọmọdé, kò ní pẹ́ gbàgbé”, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà lọ́mọdé n'Ìbàdàn nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ilé lọ́dún 1980 ṣì ń ròyìn rẹ̀ dòní. Ọmọ tó dákẹ́ lè máa fi ara sọ ọ́: ọmọ ọdún méje tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sórí ẹní á tún bẹ̀rẹ̀, òjò á kàn ṣú, á di aṣọ ìyá rẹ̀ mú gírígírí. Ẹ má na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ o. (Ẹgba ni àwa kọ́kọ́ máa ń wá!)

Bó bá béèrè, ẹ sọ òótọ́ ní ṣókí: omi ti fà, a jọ wà níbí. Bí kò bá béèrè, ẹ má fipá mú un ròyìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣeré, kódà bó bá ń fi abọ́ ṣe ọkọ̀ tó rì. Kó jẹun, kó sùn, kó padà sílé-ìwé lásìkò tó ti mọ́ ọn lára. Ọ̀pọ̀ á bọ̀ sípò. Èyí tí kò rí oorun sùn títí oṣù kan fi kọjá, ẹ gbé e lọ rí dókítà.