Ìgbẹ́ gbuuru tó pẹ́ lára, ta ló ní ti aláìní nìkan ni?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Kàbbà, mo ń jẹun lọ́wọ́ nílé olóńjẹ kan, mo wá ní àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ti ń yàgbẹ́ gbuuru láti bí oṣù méjì, ni ìyá olóńjẹ bá pariwo, "Irọ́ ni! Níbi tí wọ́n ti ń mu omi rọ́bà?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ bí ọ̀pọ̀ wa ṣe gbà á náà nìyẹn, pé ẹni tó ń mu omi odò ló ni àrùn yẹn.

Èyí tó ń mú èèyàn lójijì, tó ń gbé ọmọdé lọ, mi ò jiyàn, omi ìdọ̀tí àti ọwọ́ tí a ò fọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Nínú ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 2009 sí 2010, bíi 6 sí 7 nínú 100 àgbàlagbà ló ní in, pẹ̀lú gbogbo omi ẹ̀rọ wọn. Ìfun ẹlòmíì kàn ń ṣe wàhálà fúnra ẹ̀ ni, ti ẹlòmíì oògùn ni, metformin tí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń lò máa ń ṣe é fáwọn kan, níbí náà.

Èyí tó kàn wá gan-an ni ti mílíìkì. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti (ẹni tó padà di mínísítà ètò ìlera) àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ṣúgà inú mílíìkì, wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò ni inú wọn ò lè dà á, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran lè mu ún láìsí nǹkan kan. Kì í ṣe inú gbogbo wa ni mílíìkì máa ń dà rú o, àmọ́ ọdún mélòó ni bàbá mi fi mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, bẹ́ẹ̀ tíì tí wọ́n ń da mílíìkì sí bí ẹni da ògì láràárọ̀ ni! Ìgbà tí wọ́n fi mílíìkì sílẹ̀ ni ilé ìgbẹ́ sinmi.

Ẹni tó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tó ń rù, kó tètè lọ sọ́síbítù, ikọ́ ife inú ìfun àti HIV náà ń fà á.

Bàbá ṣì ń jẹ wàrà ìyá Fúlàní lọ́jọ́ ọjà o, torí ọ̀pọ̀ ṣúgà yẹn ti bá omi ẹ̀ lọ kí wàrà tó dì. Àwọn ní àwọn ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kì í ṣe wàrà ló fà á.