Ẹ Yọ Orúkọ Ènìyàn Lọ́rùn Ajá

Ó sú mi, ó sú mi kọjá sísọ. Ta ló ní kí ajá máa jẹ́ Rùtù? Ta ló ní kí ológbò máa jẹ́ Dáníẹ́lì? Nínú gbogbo orúkọ tó wà láyé, àfi èyí tí ọmọ ènìyàn ń jẹ́ ni ẹ rí?

Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo wa láàárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Dáníẹ́lì ti fi wá sílẹ̀ lóru àná." Àyà mi já. Mo mọ̀ pé ó ní àbúrò ọkùnrin. Mo pè é, kò gbé e. Mo pe àwọn yòókù, ọ̀kan bú sẹ́kún. A ti ń dá owó jọ ká tó gbọ́ pé ológbò ni. Ológbò! Òun náà ń sunkún, kí ni n bá sọ? Mo gbé ọ̀rọ̀ mì, ṣùgbọ́n inú ń bí mi títí dòní.

Ti aládùúgbò mi ló wá burú jù. Orúkọ ìyá mi tó ti dolóògbé gan-an ló fún ajá rẹ̀. Kò mọ ìyá mi rí, mo gbà, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni ohùn rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé: "Rùtù, jáde lábẹ́ àga! Rùtù, o tún ti tọ̀ sílẹ̀! Ẹranko burúkú!" Láìpẹ́ yìí, ó dúró níta, ó ń sọ fún àlejò rẹ̀ pé òun fẹ́ gbé Rùtù lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀. Èmi ọmọ Rùtù dúró, mò ń gbọ́.

Ẹ ó ní ìfẹ́ ni, ẹ ó ní bí ọmọ ló rí sí yín. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀, mi ò bá yín jà. Ẹ jẹ́ kó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yín bó bá wù yín. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ńkọ́? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin ò wo ilé, ẹ ò wo aládùúgbò. Mo ti rí ọmọdé kan tó ń jẹ́ Charlie tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń súfèé pè, tí wọ́n ń gbó mọ́ ọn bí ajá, tí omijé ń dà lójú rẹ̀.

Àwọn tó kàwé pàápàá ò yọ sílẹ̀. Àgùntàn tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní Scotland lọ́dún 1996, Dolly ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ olórin Dolly Parton tí ayé mọ̀ sí ọlọ́mú ńlá, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì ọmú àgùntàn ni wọ́n lò. Àyà obìnrin ni wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìtàn!

Bẹ́ẹ̀ orúkọ ẹranko ò wọ́n. Ajá tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì fi ránṣẹ́ sójú òfurufú lọ́dún 1957, Laika ló ń jẹ́. Ajá Japan tó ń lọ dúró de ọ̀gá rẹ̀ tó ti kú níbùdókọ̀ ojú irin, ọdún dé ọdún, Hachikō ni. Gbogbo ayé mọ̀ wọ́n, ìyá ẹnikẹ́ni ò sì bá a lọ. Ìró lásán ni ẹranko ń gbọ́. Àwọn olùwádìí ní Japan fi hàn lọ́dún 2019 pé ológbò ń dá orúkọ rẹ̀ mọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n bóyá Dáníẹ́lì ni tàbí Bọ́ọ̀lù, kí ló kàn án?

Aládùúgbò mi ní ó ti pẹ́ jù, pé ajá náà ti mọ orúkọ rẹ̀. Irọ́ ni! Àwọn tó ń gba ajá àgbà tí wọ́n pa tì sílé ń yí orúkọ rẹ̀ padà: wọ́n á pe orúkọ tuntun, bó bá yíjú, wọ́n á fún un ní nǹkan jẹ, títí á fi mọ̀ ọ́n. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Bí kò bá bẹ̀rẹ̀, n ò ní yéé kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fi orúkọ ìyá mi bú ajá.