Ṣé òyìnbó ò ta àgbo rí ni?

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ní Sátidé, mo yà sí ọjà Ìsìnkàn láti kí àbúrò ìyá mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Alágbo. Mo bá ọmọ kọ́pà kan tó wọ kóòtù funfun, tó di gbohùngbohùn mú, tó sì dúró ti ìkòkò Màmá gan-an. "Ẹ̀yin ìyá wa, ìdọ̀tí lẹ̀ ń mu. Oògùn àwọn òyìnbó mọ́ tónítóní láti ìbẹ̀rẹ̀." Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó kàn ń ṣí ìdérí ìkòkò rẹ̀, ó tún ń bò ó.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀" yẹn ló dùn mí jù. Ìbẹ̀rẹ̀ wo?

Ṣebí èèpo igi ni kuníìnì tí wọ́n fi ń wo ibà, igi àwọn ará Peru. Ọdún 1820 ni àwọn ará Faransé méjì tó yọ ohun kíkorò inú rẹ̀ sọ́tọ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ńṣe ni wọ́n ń lọ èèpo náà kúnná, tí wọ́n ń pò ó mọ́ wáìnì, tí wọ́n ń gbé e mì. Ní Àkúrẹ́ níbí, paraga là ń pe ìyẹn.

Bayer, ilé-iṣẹ́ oògùn òyìnbó, ńkọ́? Aláró ni wọ́n. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọdún 1863 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Jámánì, aró aṣọ ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó débi oògùn. Àwọn ló ṣe aspirin lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní 1898, wọ́n gbé oògùn ikọ́ kan jáde, wọ́n sọ ọ́ ní Heroin. Heroin tí NDLEA ń torí ẹ̀ lé àwọn ọmọ kiri yìí náà ni! Wọ́n polówó ẹ̀, dókítà kọ ọ́ fún aláìsàn. Màmá Alágbo ò ta irú ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ní 1937, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ sọ sulfanilamide, oògùn oníhóró, di olómi kó lè rọrùn fún ọmọdé láti mu. Diethylene glycol ni wọ́n fi pò ó, májèlé gidi, wọ́n wá fi adùn èso sí i. Wọn ò fi tọ́ eku lẹ́nu wò pàápàá. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ. Ẹ sì wo ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin ìgbà yẹn rí kà sí wọn lọ́rùn: wọ́n pè é ní elixir, ìyẹn oògùn olómi tó ní ọtí nínú, bẹ́ẹ̀ kò sí ọtí nínú ẹ̀. Orúkọ! Torí òkú wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣe ṣòfin tuntun ní 1938 pé kí wọ́n yẹ oògùn wò kó tó dé ọjà. Ẹ̀yin náà ò sì tíì gbàgbé My Pikin, oògùn eyín ọmọdé, lọ́dún 2008 sí 2009. Májèlé kan náà ni. Ọmọ 84 ló kú ní Nàìjíríà wa yìí, inú ìgò tó ní lẹ́bélì ni wọ́n sì ti ń bù ú.

Oògùn ibà tí ọmọ kọ́pà yẹn ní ká máa lò ńkọ́? Àgbo Ṣáínà ni! Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Ṣáínà, àtàwọn èèyàn rẹ̀ ń wá oògùn ibà, wọ́n ń se ewé kan, agbára ẹ̀ ń ṣákìí. Ó wá padà sínú ìwé àtijọ́ tó ti lé ní 1,600 ọdún, ó rí i pé omi ni wọ́n ní kí wọ́n rẹ ewé náà sí, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu ún. Iná ló ti ń ba oògùn jẹ́. Ní 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Mo sọ ìtàn yìí fún Màmá, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí: "Ṣé wọn ò mọ̀ pé àgbo tútù yàtọ̀ sí àgbo sísè ni?"

Ibi tó ti dí mi lẹ́nu rèé. Kí kọ́pà tó lọ, ó bi Màmá pé, "Ọmọ ọdún méjì, ṣíbí mélòó lẹ máa fún un?" Màmá ní, "À ń wojú ọmọ ni." Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde. Tu Youyou ti fi ara rẹ̀ dán oògùn yẹn wò, ó sì mọ iye tó mu.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú jẹ́wọ́. Lásìkò òjò tó kọjá, ara ọmọbìnrin mi gbóná lóru. Àgbo Màmá wà nínú ike ràgólíìsì nílé ìdáná, mi ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gba iwájú ìsọ̀ wọn kọjá lọ sí kẹ́míìsì òdìkejì títì, mo ń wo NAFDAC nọ́ńbà lára páálí oògùn. Bí mo ṣe yíjú padà, Màmá ló dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n wo ọ̀rá dúdú ọwọ́ mi, wọn ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

"Ara ọmọ ńkọ́?" ni wọ́n bi mí.