Ẹ Má Tíì Ta Ilẹ̀: Owó Ìnṣọ́ránsì Ìlera àti Oúnjẹ Ojoojúmọ́ ní Amẹ́ríkà

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Ìyàrà dé Mópà àti Ìsánlú. Ẹni tó ti ń wá oníbàárà fún ilẹ̀ tàbí oko kajú láti fi ra tíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà ni a ń bá sọ̀rọ̀. A ò fẹ́ dí yín lọ́nà. Ohun tí à ń rí ni pé ẹni tó ń bọ̀ máa ń ṣírò owó físà, owó ọkọ̀ òfurufú àti owó ilé oṣù mẹ́ta, àmọ́ kì í ya kọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún àìsàn. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni owó ń gbà jáde. Oúnjẹ tí èèyàn ń jẹ ní ọdún bíi mélòó kan àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń ṣílẹ̀kùn fún àìsàn náà.

Ọ̀pọ̀ rò pé téèyàn bá ti ń san ìnṣọ́ránsì lóṣooṣù, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ti bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Premium ni èyí tí ẹ ó máa san lóṣooṣù, yálà ara yín le tàbí kò le. Deductible ni iye tí ẹ gbọ́dọ̀ fi owó ara yín san láàárín ọdún kí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó dá sí i. Lẹ́yìn tí deductible bá pé, ìpín kan ṣì wà lọ́rùn yín: bó bá jẹ́ iye pàtó, bíi $30 nígbàkígbà tí ẹ bá rí dókítà, copay ni wọ́n ń pè é, bó bá jẹ́ ìdá kan nínú owó náà, coinsurance ni. Èyí tó gbẹ̀yìn ni out-of-pocket maximum, òpin iye tí ẹ lè fi owó yín san lọ́dún kan fún ìtọ́jú tí ìnṣọ́ránsì náà kó mọ́ra. Ní 2026, òfin gbà kí òpin yẹn ga tó $10,600 fún ẹnì kan, àti $21,200 fún ìdílé.

Ẹ mú bírò. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yín, owó rẹ̀ jẹ́ $10,000. Deductible yín jẹ́ $3,000, coinsurance jẹ́ 20%. Ẹ ó kọ́kọ́ san $3,000. Ó ku $7,000, ìdá 20% rẹ̀ sì jẹ́ $1,400. Àpapọ̀ rẹ̀ $4,400 láti àpò yín, yàtọ̀ sí premium tí ẹ ti ń san bọ̀. Bí àìsàn náà bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá tí ìtọ́jú wá wọ oṣù Kìíní, lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, deductible á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Owó náà sì ń gòkè ni. Ìwádìí tí àjọ KFF máa ń ṣe lọ́dọọdún lórí ìnṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ fi hàn pé, ní ìpíndọ́gba, $25,572 lọ́dún ni premium ìdílé kan ní 2024, ó sì di $26,993 ní 2025. Agbanisíṣẹ́ ló ń san èyí tó pọ̀ jù, àmọ́ nǹkan bíi $6,850 nínú rẹ̀ ni wọ́n ń yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí iṣẹ́, ẹ má wo owó wákàtí nìkan. Ẹ bèèrè ìgbà tí ìnṣọ́ránsì máa bẹ̀rẹ̀ (òfin ò gbà kó ju 90 ọjọ́ lọ fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i), iye tí wọ́n á máa yọ, àti iye deductible. Ẹni tó ń gbowó lọ́sẹ̀ méjì-méjì ń gbà á ní ìgbà 26 lọ́dún. Ètò tó ń yọ $90 nígbà kọ̀ọ̀kan yóò gba $2,340 lọ́dún; èyí tó ń yọ $40 yóò gba $1,040. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ $1,300. Bí deductible ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ $1,500, tí ti ìkejì jẹ́ $6,000, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ torí pé ìkejì dà bí ẹ̀dínwó kó mú un. Ọ̀dọ́ tí kò lo oògùn kankan lè mú un, bó bá lè fi ìyàtọ̀ yẹn pamọ́, kó má sì fọwọ́ kàn án.

Ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò fún ní ìnṣọ́ránsì ni kó fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ọjà tí ìjọba ṣí fún ìnṣọ́ránsì wà ní HealthCare.gov, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ní tiwọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú pẹ̀lú ìwé tó péye ní 60 ọjọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ó di ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún gbogbo ayé, ìnṣọ́ránsì náà ò sì ní ṣiṣẹ́ títí ọdún tuntun. Láti 2021 títí dé òpin 2025, ìjọba fi kún ìrànwọ́ tó ń dín premium kù. Àfikún yẹn ti dópin. Ní 2026, ẹnì kan ṣoṣo tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju $62,600 lọ kò ní rí ìrànwọ́ rárá. Fún ìdílé ẹni mẹ́rin, $128,600 ni. Àtìpó tí owó rẹ̀ kéré gan-an náà wà nínú wàhálà, nítorí àgbàlagbà tó ní green card gbọ́dọ̀ dúró fún ọdún márùn-ún kó tó lè wọ Medicaid, ètò ìjọba fún ẹni tí kò rówó. Ìpínlẹ̀ púpọ̀ yọ ọmọdé àti aláboyún kúrò nínú ìdúró yẹn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń dúró yìí lè gba ìrànwọ́ lórí ọjà ìnṣọ́ránsì. Láti oṣù Kìíní 2026, bí owó rẹ̀ kò bá tó ìlà òṣì tí ìjọba fà, ìyẹn $15,650 fún ẹnì kan, ọ̀nà méjèèjì ti dí. Bó bá di 2027, ọ̀pọ̀ tí kò ní green card, títí kan ẹni tó wà lórí físà iṣẹ́, kò ní lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànwọ́ náà mọ́.

Ọ̀fìn kan wà tó ń gbé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú yín fẹ́ wá ṣe. Iye tí ẹ bá sọ pé ẹ máa gbà lọ́dún ni wọ́n fi ń ṣírò ìrànwọ́. Bí ẹ bá wá ń ṣe overtime lọ́tùn-ún lósì, tí owó yín kọjá ohun tí ẹ kọ sílẹ̀, wọ́n á gba ìrànwọ́ tó lé padà nígbà tí ẹ bá ń ṣe owó orí. Tẹ́lẹ̀, òdiwọ̀n wà fún iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Láti owó orí 2026, kò sí òdiwọ̀n mọ́. Oṣù tí owó bá ti yí padà ni kí ẹ wọ orí ìkànnì náà, kí ẹ sì tún un kọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta health sharing fún yín bí ìnṣọ́ránsì. Àwọn ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan ló máa ń dáwó jọ, kí wọ́n lè bá ara wọn san owó ilé ìwòsàn. Orúkọ Ọlọ́run wà níbẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré, àmọ́ kò sí òfin tó ní kí wọ́n san nǹkan kan fún yín, wọ́n sì lè kọ àìsàn tí ẹ bá gbé wá láti ilé.

Ó wá kan oúnjẹ. Òfin ò gbà kí ọjà ìnṣọ́ránsì ìjọba fi kún premium yín nítorí àìsàn. Ọjọ́ orí, ibi tí ẹ ń gbé, tábà àti iye ẹni tó wà nínú ìdílé ni wọ́n lè fi ṣírò. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé kò sóhun tó kan ìnṣọ́ránsì pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀. Ó kàn án púpọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà bá ti mú yóò máa ra oògùn, yóò máa san copay dókítà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ti kíndìnrín àti ti ojú, lọ́dọọdún, títí ayé. Ọdọọdún ni yóò máa jẹ nínú deductible rẹ̀.

Iyán kọ́ ni ọ̀tá. Nílé, ẹni tó jẹ iyán ní Ẹ̀kìnrìn-Àdé rìn lọ sóko, ó kọ ebè, ó sì rìn padà. Níbí, láti ẹnu ọ̀nà ilé ló ti wọ mọ́tò, ó ṣiṣẹ́ òru fún wákàtí 12, ó sì fẹ́ jẹ òkèlè tó tó ti oko. Ìyẹ̀fun iṣu inú páálí tún rọrùn láti rò ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí kò sí ẹni tó gún un. Ẹ lo àwo tó fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́sàn-án. Kí ẹ̀fọ́ tàbí ilá gba ìdajì rẹ̀, kí ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà gba ìdá mẹ́rin rẹ̀, kí òkèlè gba ìyókù, kó má ju ìkúùkù yín lọ. Ilá gígé àti ewédú wà nínú fírísà ilé ìtajà àwọn ará Áfíríkà. Ẹ̀fọ́ spinach inú yìnyín wà ní gbogbo ilé ìtajà, ó sì dára bíi ti tútù.

Ẹ kọ́ láti ka ẹ̀yìn páálí. Serving size ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ọ̀rá nódù ló kọ ọ́ pé ìdajì ọ̀rá ni oúnjẹ ẹnì kan, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń se ìdajì. Bí wọ́n bá kọ sodium 830 mg síbẹ̀, ẹni tó jẹ ọ̀rá kan ti jẹ 1,660 mg, gbogbo ohun tó sì yẹ kí àgbàlagbà jẹ lójúmọ́ kò ju 2,300 mg lọ, bíi ṣíbí tíì kan ti iyọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìlà added sugars: gíráàmù mẹ́rin jẹ́ ṣíbí tíì kan. Agolo kólà kan tó jẹ́ 12 ounces ní 39 gíráàmù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí mẹ́wàá. Lápá ọ̀tún, ìdá ọgọ́rùn-ún wà níbẹ̀, tó ń sọ ìpín tó jẹ́ nínú ohun tó yẹ kí èèyàn jẹ lójúmọ́: 5% kéré, 20% pọ̀. Máàgì oníhóró náà, iyọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi sọ́bẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tún bu iyọ̀ sí i kó tó tọ́ ọ wò.

Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́ ni aago mẹ́ta òru níbi iṣẹ́, nígbà tí ebi ń pa wọ́n, tó jẹ́ ẹ̀rọ tó ń ta ṣíńgọ̀ọ̀mù, bísíkíìtì àti kólà nìkan ló wà nítòsí. Ẹ fi ọjọ́ ìsinmi sebẹ̀. Ẹ̀wà gbígbẹ pọ́ùn kan máa ń tó ife mẹ́fà tó bá jinná, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti inú agolo. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ sè é, ẹ pín in sínú abọ́ ife kan àtààbọ̀, kí ẹ sì kó o sínú fírísà. Ẹ má fi ìkòkò sílẹ̀ lórí ààrò mọ́jú bíi tilé. Kó má ju wákàtí méjì lọ, nítorí ilé tí wọ́n fi ẹ̀rọ mú gbóná ń mú oúnjẹ bàjẹ́. Bó bá jẹ́ ti inú agolo lẹ ní, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, púpọ̀ nínú iyọ̀ rẹ̀ á bá omi lọ.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, yálà ní ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ní Lọ́kọ́jà: ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, ojú, eyín. Ẹ dí eyín tó lu, ẹ ṣe awò méjì, nítorí ìnṣọ́ránsì ìlera àgbàlagbà níbí kì í sábà kó eyín àti awò mọ́ra. Ẹ kọ orúkọ oògùn gan-an sílẹ̀, amlodipine, metformin, kì í ṣe orúkọ tó wà lára páálí nìkan. Ẹ gba káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ dání. Ẹni tó bá jẹ́ AS gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà, nítorí àyẹ̀wò ṣúgà tí wọ́n ń pè ní A1c lè kéré ju bó ṣe rí lọ lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kó ní kí wọ́n tún yẹ ṣúgà òun wò láàárọ̀ láìtíì jẹun.

Àyẹ̀wò ìdènà àìsàn ọdọọdún kò ní deductible, ọ̀fẹ́ ni, bí dókítà bá wà nínú network ìnṣọ́ránsì yín, ìyẹn àwọn dókítà tó bá iléeṣẹ́ náà ṣàdéhùn. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín, kí ẹ bèèrè orúkọ dókítà náà kí ẹ tó lọ. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ wá ń sọ pé orúnkún ń dùn yín, wọ́n lè kọ bíìlì mìíràn fún ìyẹn, nítorí náà ẹ bèèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ àyà dídùn, tàbí tí ẹnu wọ́ tí apá kan kò sì gbé mọ́, ẹ má ronú owó, ẹ pe 911. Òfin 1986 fi dandan lé e pé kí ẹ̀ka pàjáwìrì yẹ yín wò, kí wọ́n sì tọ́jú yín títí ewu á fi rọlẹ̀, bí ẹ ò tilẹ̀ ní kọ́bọ̀. Bíìlì á dé lẹ́yìn náà. Ẹ má yára san án. Ẹ dúró de ìwé ìnṣọ́ránsì tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kì í ṣe bíìlì, ẹ fi méjèèjì wé ara wọn, ẹ bèèrè bíìlì tó to nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gba fọ́ọ̀mù financial assistance, ìyẹn ìrànwọ́ owó. Ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ti èrè gbọ́dọ̀ gba fọ́ọ̀mù yẹn títí di 240 ọjọ́ lẹ́yìn bíìlì àkọ́kọ́.

Ẹni tó ń lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò bọ́. Owó ìlera tí wọ́n ń gbà mọ́ físà jẹ́ £200 lọ́dún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Láti oṣù Kejì 2024, £1,035 ni, àti £776 fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọ tí kò tíì pé 18. Físà ọdún mẹ́ta fún ọkọ, aya àti ọmọ méjì jẹ́ £10,866, wọ́n sì ń san án tán pátá kí físà tó jáde. Físà òṣìṣẹ́ ìlera nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀ lára ti iṣẹ́.

Èyí tó kù ni ti ìyá tí ẹ fẹ́ mú wá láti bá yín tọ́ ọmọ. Ẹni tó wà lórí físà àbẹ̀wò kò lè wọ ọjà ìnṣọ́ránsì ìjọba. Ìnṣọ́ránsì àlejò ló máa rà, oríṣi méjì ló sì wà: èyí tó ń san iye kan pàtó fún ọjọ́ kan nílé ìwòsàn, tí kì í tó nǹkan rárá, àti èyí tó ń san ìpín nínú bíìlì títí dé òdiwọ̀n kan. Ìkejì ni kí ẹ rà, kí ẹ sì rà á kó tó wọ bàálù. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti wà lára ìyá tẹ́lẹ̀, àìsàn tó tibẹ̀ jáde lè jẹ́ ohun tí wọ́n máa kọ̀ láti san. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ acute onset sí nínú ìwé náà, ìyẹn ìgbà tí àìsàn àtẹ̀yìnwá bá ṣàdéédéé dìde. Ẹ ka iye tó wà níwájú rẹ̀ àti ọjọ́ orí tí wọ́n fi òpin sí, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí yín nínú ìwé kí ẹ tó sanwó.