"What Did You Bought?" Kì Í Ṣe Ẹ̀bi Ọmọ

Èrò ọkàn mi rèé. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì wa, láti Ìlọrin dé Ọ̀fà dé Òmù-Àrán, báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ ìbéèrè: "who" ni ta ni, "what" ni kí ni, "where" ni ibo, ẹ̀kọ́ parí. Ọmọ á kà á bí ẹni ń kọrin. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ béèrè nǹkan gan-an, á ní "What you bought?" tàbí "What did you bought?" Kò ṣi ọ̀rọ̀ ìbéèrè lò o. Ohun tó tẹ̀lé e ló dàrú.

Ẹ wo èdè tiwa ná. "O ra iṣu." "Kí ni o rà?" A gbé kí ni síwájú, ó tán, "o rà" ò kúrò láyè ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀. "Did" gbọ́dọ̀ wọlé, òun ni yóò sì gbé ẹrù àná, ìyẹn ni pé òun ló máa fi hàn pé nǹkan náà ti kọjá. Tó bá ti gbé e, "bought" á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á padà di "buy": "What did you buy?"

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé títú Yorùbá ní tààrà ló ń fa àṣìṣe. "Ta ló ni àpò yìí?" "Whose bag is this?" ni, kì í ṣe "Who has this bag?" "Báwo ni wọ́n ṣe ń pè é?" "What is it called?" ni, "how" ò sí níbẹ̀ rárá. Bákan náà ni tí a bá ń béèrè iye: ìrẹsì ń gba "how much", àpò ìrẹsì tó ṣeé kà ń gba "how many".

Ẹ̀yin tísà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ gbólóhùn kan sójú pátákó: "Bola went to Offa on Friday." Ẹ fa ìlà sábẹ́ Offa, kí wọ́n béèrè rẹ̀: "Where did Bola go on Friday?" Ẹ fà á sábẹ́ Friday: "When did Bola go to Offa?" Ẹ wá fà á sábẹ́ Bola: "Who went to Offa on Friday?" Kò sí "did" níbẹ̀, torí Bọ́lá ló lọ, àyè ẹ̀ gan-an ni "who" sì jókòó sí. Ibí yìí ni kí ẹ ti pẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Tell me" dúró di ọ̀sẹ̀ kejì. "Tell me where Bola went" ni, "did" á tún kúrò níbẹ̀, "go" á sì padà di "went". Bí ẹ bá kó méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, "Tell me where did Bola go" lẹ máa rí nínú ìwé wọn, títí dé WAEC.