Ojú Mérin Ní Í Bímọ, Igba Ojú Ní Í Wò Ó

Ìwà ọmọ làwọn àgbà sábà máa ń fa òwe yìí sí: ẹni tó bá rí ọmọ tó ń yàyàkuyà, kó bá a wí, bí kì í tilẹ̀ ṣe òun ló bí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ oṣù mẹ́ta, kí lẹ fẹ́ bá a wí? Ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Ẹ dúró létí ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Gàá Akánbí, nílùú Ìlọrin, lálẹ́, ẹ ó rí ìyá ọmọ tó ń ra páńpáàsì ẹyọ kan, bóyá méjì. Ó mọ̀ pé odidi páálí ló máa dín owó. Owó odidi ni kò sí. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tuntun lè lo mẹ́jọ sí méjìlá lóòjọ́. Ẹni tó ra ẹyọ méjì á fi ọmọ sílẹ̀ nínú èyí tó ti kún, títí ìdí á fi pọ́n, tí á bó, tí owó ìpara á tún gorí rẹ̀.

Ọ̀wọ́n yìí nídìí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀ ni dọ́là ti fò: èyí tí kò tó náírà 500 lọ́jà ìjọba ti kọjá 1,400 ní oṣù kejì 2024. Lópin ọdún 2023, P&G tó ni Pampers ní òun ò ní ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, àkówọlé nìkan ló kù. Ní 2024, Kimberly-Clark tó ni Huggies náà palẹ̀ mọ́.

Àwọn ìyá wa á ní, “Nápù la lò láyé tiwa.” Òótọ́ ni, nápù ò burú. Àmọ́ ọṣẹ ńkọ́? Omi ńkọ́, níbi tí ẹ̀rọ ò ti yọ, tó jẹ́ rírà ni? Ìyá àgbà tó ń bá wọn fọ̀ ọ́ nígbà yẹn ò sí nínú yàrá kan ṣoṣo tí tọkọtaya ń gbé ní Tankẹ̀ báyìí.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ojú ju igba lọ: aṣọ ẹbí, ẹran, owó tí wọ́n ń ná. Tó bá di oṣù kẹta, ó ku ojú mérin, méjì nínú rẹ̀ sì lè ti wáṣẹ́ lọ sí Èkó.

Wọ́n ní ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òwe yẹn le jù níbí. Ta ni yóò jáde wí pé òun ò lówó páńpáàsì, kí wọ́n má baà ní, “Ẹ ò mọ̀ kẹ́ ẹ tó bímọ?” Amẹ́ríkà pàápàá ń bá a fà á: owó ìrànwọ́ oúnjẹ ìjọba wọn kì í ra páńpáàsì, ìdí nìyẹn tí àjọ kan, National Diaper Bank Network, fi wà láti 2011, tó ń rí sí pínpín rẹ̀ fáwọn tí kò ní.

Àtúnṣe tiwa ò tó bẹ́ẹ̀ le. Ẹ dín owó ìnáwó ọjọ́ kẹjọ kù, kẹ́ ẹ fi ra páálí kan ní oṣù kẹta, òmíràn ní oṣù kẹfà. Ẹ dì í sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, ẹ má fi sórí WhatsApp. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀ nọ́ńbà tí ọmọ ń wọ̀, torí ọmọ oṣù mẹ́fà lè ti kọjá nọ́ńbà 2.