Ta ló ní dandan ni 30?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tí kò bá wọn nǹkan tó 30 kò lè fojú bu iye àárín, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. William Gosset, òṣìṣẹ́ ilé ọtí Guinness ní Dublin (àní ilé ọtí!), ti tẹ ọ̀nà tí a fi ń fojú bu iye àárín láti inú ìwọ̀n díẹ̀ jáde ní 1908, lórúkọ “Student”. Tí ẹ bá wọn 10 péré, tí ẹ fẹ́ ìdánilójú 95 nínú ọgọ́rùn-ún, 2.262 ni ẹ ó fi sọ ìwọ̀n àṣìṣe (bí iye àárín yín ṣe lè yẹ̀ sí ti òótọ́) di ìlọ́po, kì í ṣe 1.96 tí a ń lò tí ìwọ̀n bá pọ̀. Àlàfo tí ẹ rò pé iye àárín òótọ́ wà nínú rẹ̀ á kàn fẹ̀ sí i ni. Àfi tí àwọn iye náà bá wọ́ sápá kan jù ni 10 lè má tó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àwọn tó wà nítòsí nìkan lẹ ṣà, ẹgbẹ̀rún wọn kò tó.